Alùpùpù Gbádégẹṣin Tí Kì í Yà

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó dìde níbí. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ẹni tí kò lè yà, ibi tí ọ̀nà bá parí sí ni yóò ní òun ń lọ? Àwọn kan ní torí àwọn olóṣèlú ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Àwọn mìíràn ní torí ọkọ kan tó ṣìnà tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Torí alùpùpù kan ni, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

Gbádégẹṣin ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Òkè-Agogo ni, iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe, àwọn tí à ń pè ní wẹ́dà. Ilẹ̀kùn onírin, fèrèsé, géètì, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bó bá ti sọ ọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Bó bá ní ọjọ́ Jímọ̀ lòní, tí ẹ sì fi hàn án pé Ọjọ́bọ̀ ni, yóò wẹ̀, yóò wọ agbádá, yóò lọ sí mọ́ṣáláṣí, yóò sì jókòó síbẹ̀ ní òun nìkan títí ìrun yóò fi tó.

Ìwà yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti bàbá ìyàwó rẹ̀, Bàbá Látẹ̀jù. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni bàbá náà, ní Abà Aláfárá, létí odò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ abà náà tàn yín jẹ, kò sí afárá níbẹ̀. Wọ́n la títì láti Òkè-Agogo débẹ̀, wọ́n ní afárá ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ará abà sì ti sọ ara wọn lórúkọ dè é. Afárá kò dé. Títì náà kàn dúró gbọnyin níwájú ilé Bàbá Látẹ̀jù, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Gbádégẹṣin ló bá àna rẹ̀ ṣe géètì sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ó ṣe é dáadáa, ó fi òdòdó onírin sí i lára, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, bàbá ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Géètì yìí dára, Gbádé," ni bàbá wí. "Àmọ́ ó ń ké bí ewúrẹ́."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó kán epo sí i, kó gba ọsàn jẹ. Gbádégẹṣin ní géètì tí òun bá ṣe kì í ké. Bàbá tún ṣí i. Géètì ní mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Gbádégẹṣin ní atẹ́gùn ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ di iyàn, tí iyàn di ìbínú, tí Gbádégẹṣin fi ní òun kò ní tẹ abà náà mọ́ títí bàbá yóò fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bàbá Látẹ̀jù, tí agídí tirẹ̀ ti dàgbà ju ti àna rẹ̀ lọ, ní bí òun bá kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, a jẹ́ pé géètì ló ń purọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Àríkẹ́, ìyàwó Gbádégẹṣin, ni ìyà náà ń jẹ. Òun nìkan ló ń dá lọ kí bàbá rẹ̀. Bó bá débẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Àna yín ní kí n kí yín." Bó bá padà dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, yóò ní, "Bàbá ní kí n kí yín." Kò sí èyí tó rán an nínú àwọn méjèèjì. Wọn a sì dákẹ́ gba ìkíni náà, torí ẹnu wọn kò gbà á láti béèrè.

Ibi tí alùpùpù ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Gbádégẹṣin jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń dúró kí ó kàn án. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Àwòrán òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló wà lórí rẹ̀, ó jókòó sórí alùpùpù. Ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù ọ̀hún gùn jáde bí ọrùn lékeléke. Ọwọ́ rẹ̀ ga sókè débi pé òyìnbó náà dà bí ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fẹ̀yìn tì, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè rán níṣẹ́.

Gbádégẹṣin wo àwòrán náà títí wọ́n fi gé irun ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti sọ òun ní Gbádégẹṣin, ẹni tó gbé adé gun ẹṣin, òun kò tíì gun nǹkan kan tó jọ orúkọ náà rí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá, òun kò gùn ún. Ó sì rántí pé alùpùpù àtijọ́ tí bàbá òun fi ń lọ sóko nígbà ayé rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.

Ó lé adìẹ kúrò. Ó pe Ràímì, mẹkáníìkì àdúgbò, láti jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ràímì jí i. Gbogbo ìyókù, Gbádégẹṣin ní òun fúnra òun ni yóò ṣe é. Ó gé ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù náà, ó fi páìpù géètì jó o gùn. Ó wò ó, ó ní kò tíì jọ ti àwòrán, ó tún jó òmíràn mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó rẹ ìjókòó wálẹ̀. Ó gbé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé lọ síwájú kí òun lè na ẹsẹ̀ bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ó fi bíréèkì ẹsẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà látijọ́. Bíréèkì ọwọ́, ó tú u dànù, ó ní ó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń pa á, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó, kí olè má baà rí i.

Ràímì wá wò ó. Ó fọwọ́ kan wáyà tí wọ́n fi ń fún alùpùpù níná.

"Ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí kò tó mọ́. Ẹ ti gbé ọwọ́ rẹ̀ ga jù. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín wá èyí tó gùn."

"Fà á," ni Gbádégẹṣin wí. "Yóò tó."

Ràímì fà á. Ó tó.

Àríkẹ́ jáde wá wò ó nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ. Ó rìn yí i ká, ìrìn náà sì pẹ́ díẹ̀.

"Bàbá Ẹniọlá," ni ó wí, "báwo ni èyí ṣe máa ń yà?"

"Ẹni tó bá gun irú èyí kì í yà, Ìyá Ẹniọlá. Àwọn èèyàn ló máa ń yà fún un."

Àríkẹ́ ní ó dáa. Ó lọ kó ìkòkò rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo àdúgbò jáde. Gbádégẹṣin ti kéde pé òun yóò gùn ún dé oríta, níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, òun yóò yí po níbẹ̀, òun yóò sì padà wálé. Ó wọ jígí dúdú tó fi máa ń jórin, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ó jókòó, ó na ọwọ́ sókè, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ràímì tì í díẹ̀. Alùpùpù bú, ó sì gbéra.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ọkùnrin yìí dùn. Kò tíì sí ọjọ́ tó dà bí ọjọ́ náà láyé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i láyà, àwọn aráàlú ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ orúkọ náà bí ẹni pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

Ó dé oríta, ó yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún. Àmọ́ táyà iwájú ti jìnnà jù, ìròyìn kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí táyà yóò fi gbọ́ pé wọ́n ní kó yà, oríta ti wà lẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ àti oníbàárà rẹ̀ tó ti fá apá kan orí tán dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí i. Gbádégẹṣin kò lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, ó mi orí sí wọn. Ó ní kò burú, òun yóò yà níwájú.

Níwájú, ọ̀nà tó yà sí mọ́ṣáláṣí há jù. Ó ní òun yóò yà ní pápá ilé ìwé. Ó gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, alùpùpù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òpó iná sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ló bá yára gbé e nàró padà. Ìgbà yìí ló wá gbà pé kí òun dúró ná. Ó dá iná rẹ̀ padà. Iná kò padà, torí wáyà tí Ràímì fà ti le gan-an bí okùn aṣọ. Alùpùpù kò sáré jù, kò sì falẹ̀. Ìwọ̀n tí ewúrẹ́ tí wọ́n lé fi ń sáré ni. Ó fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì, bíréèkì wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ wà níwájú. Ó rántí kọ́kọ́rọ́. Orí rẹ̀ ló jókòó lé.

Ìyá àgbà kan sá láfún sí etí títì lẹ́yìn ìlú. Ó gbọ́ ariwo, ó gbójú sókè.

"Gbádégẹṣin, ibo là ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Iwájú ni, Ìyá."

Ó gba àárín láfún náà kọjá, ó ń bẹ̀bẹ̀ bó ti ń lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń fa ìlà funfun sórí ọ̀dà bí ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ títì fún.

Kò pẹ́ tí Ràímì fi gun alùpùpù tirẹ̀ lé e bá. Ó rọra ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kọjá oríta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ẹ máa yí po níbẹ̀."

"Mo yí èrò padà."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín di ẹ̀yìn rẹ̀ mú?"

"Dì í mú fún kí ni? Ó jalè ni?"

Ràímì wo ọ̀nà tó wà níwájú wọn. "Ibo wá lẹ ń lọ?"

"Mò ń gbafẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi kan ṣoṣo ni títì yìí ń lọ."

Ọkàn Gbádégẹṣin ti ń sọ ọ́ fún un láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, kò kàn fẹ́ gbọ́ ni. Bó bá jẹ́wọ́ nísinsìnyí, Ràímì yóò bá a wá nǹkan ṣe. Àmọ́ gbogbo Òkè-Agogo ni yóò gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

"Mo mọ ibi tó ń lọ," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

Ràímì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yà, wẹ́rẹ́, ó sì kọrí sílé láti lọ pe Àríkẹ́. Bí Gbádégẹṣin ṣe rí i tó yà bẹ́ẹ̀, láìlàágùn, ó dùn ún wọra.

Ó ku òun nìkan. Ó rò ó pé kí òun bẹ́ sínú igbó, àmọ́ alùpùpù bàbá òun ni, kò lè jù ú nù. Ó rò ó pé bóyá kí òun jẹ́ kó gbé òun wọ odò, pé omi sàn ju ojú Bàbá Látẹ̀jù lọ, àmọ́ kò mọ ìwẹ̀. Kì í ṣe ìṣubú ló ń bà á lẹ́rù mọ́. Ohun tí yóò sọ ló ń wá. Gbogbo ohun tó rí sọ, bó bá ti gbé e yẹ̀ wò, ńṣe ló ń dún bíi mẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Àwọn igi ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Lẹ́yìn wọn, odò. Láàárín, géètì aláwọ̀ ewé. Ẹsẹ̀ gígùn alùpùpù náà lọ tààrà, ó wọ àárín irin méjì, táyà iwájú wọlé, ara yòókù dúró síta. Géètì mì tìtì, kò fọ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Gbádégẹṣin sún síwájú, ó fi àyà lé táńkì epo, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Bàbá Látẹ̀jù jókòó sábẹ́ igi, ó ń bó ọsàn. Kò dìde. Ó bó èyí tó ń bó tán ná, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Gbádégẹṣin sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ jígí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì, ní òdìkejì géètì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, Gbádé. Ọjọ́ kan pẹ̀lú." Bàbá wo alùpùpù, ó wo géètì, ó wo odò. "Ibo lò ń lọ?"

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú Gbádégẹṣin. Ó lè sọ òótọ́, pé oríta lòun ń lọ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Ibí náà ni mò ń bọ̀, Bàbá."

"Ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní kí n wá wo géètì."

Ẹ rántí pé Bàbá náà kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo títì yẹn láràárọ̀, bó bá gbọ́ ìró alùpùpù, yóò gbójú sókè, yóò tún gbé e wálẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ó dáa tó o wá," ni ó wí. "Géètì náà ti ń retí rẹ."

Ó dìde, ó di géètì mú, ó fà á kí àna rẹ̀ lè wọlé. Géètì ń ṣí, ó ń wọ́ alùpùpù tó há sí i lára dání. Ó ké. Kì í ṣe igbe kékeré. Àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé dá a lóhùn. Àna méjèèjì dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ.

"Bàbá," ni Gbádégẹṣin wí, ó wolẹ̀. "Ó ń ké."

"Kì í ké tó báyìí tẹ́lẹ̀," ni bàbá dáhùn. "Mo sọ ọ́ jù nígbà yẹn. Ọmọ ewúrẹ́ ni, kò tó ìyá."

Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Gbádégẹṣin fa epo dúdú díẹ̀ láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó kán an sí ibi tí géètì ti ń yí. Bàbá ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá mú ọsàn tó ti bó, ó gé e sí méjì, ó na ìdajì sí àna rẹ̀.

Bí Àríkẹ́ ṣe bá wọn nìyẹn. Ó ti sunkún láti Òkè-Agogo wá lẹ́yìn Ràímì, ó rò pé òkú ọkọ òun lòun ń lọ gbé nínú odò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rí bàbá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ lórí àga kan náà, omi ọsàn ń ṣàn sí wọn lágbọ̀n. Ó kúnlẹ̀.

"Ọkọ rẹ ló wá tún géètì ṣe," ni bàbá sọ fún un.

Àríkẹ́ wo alùpùpù tó há sára géètì. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó fi gèlè nu ojú, ó ní eruku ló kó sí òun lójú, ó sì wọlé lọ bá ìyá rẹ̀ dáná.

Wọ́n jẹun, wọ́n yó. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn ará abà wá bá wọn gbé alùpùpù kúrò lára géètì, wọ́n gbé e sórí títì. Bàbá ní kí Gbádégẹṣin kọjú rẹ̀ sílé kó tó ṣú. Gbádégẹṣin yí ọwọ́ rẹ̀, ó tì í síwájú. Ó fà á sẹ́yìn. Ó tún tì í síwájú. Alùpùpù kò kọjú síbì kankan, ńṣe ló ń sún mọ́ odò díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará abà ń wò ó. Bàbá Látẹ̀jù náà ń wò ó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Gbádé," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé nǹkan yìí kì í yà ni?"

Gbádégẹṣin dúró. Òógùn bò ó. "Kì í yà, sà."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀, sà."

Bàbá Látẹ̀jù di géètì mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀rín pa á débi pé ìyàwó rẹ̀ sá jáde pẹ̀lú omi. Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àríkẹ́ fi ojú pamọ́ sẹ́yìn igi ọsàn, èjìká rẹ̀ ń mì. Gbádégẹṣin wò wọ́n, ó le ojú, ó tún le ojú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín já lẹ́nu òun náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó ti Ràímì.

Nígbà tí bàbá rí ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó sọ ni èyí tí ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà lónìí. Ràímì sì gbé e kiri, torí kò sí ẹni tó gbé sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ tí kò sọ ọ́ fún.

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá rí ẹni tó já wọlé yín láìròtẹ́lẹ̀, tí irun rẹ̀ dà rú, tí láfún bò ó lẹ́sẹ̀, tó sì ní ọ̀dọ̀ yín gan-an lòun ń bọ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé àga fún un, ẹ bó ọsàn fún un. Ẹni tí kò lè yà, ibi tí ọ̀nà bá parí sí ni yóò ní òun ń lọ.